Ọjọ́ Tí Àdúrà Mi Dí Ọ̀nà Mọ́ Bọ̀dá Kàsálì

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi gbé mi dé iwájú yìí láìṣubú. Pásítọ̀, mo kí yín, sà. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni tèmi. Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti ń jọ́sìn níbí, mi ò dìde jẹ́rìí rí. Kì í ṣe pé Ọlọ́run ò ṣe nǹkan fún mi. Ẹnu mi ni kì í gbé ọ̀rọ̀. Tí èèyàn mẹ́ta bá ti ń wò mí lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn mi kì í jáde mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé, kí n lè máa kà á. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo fi ọdún kan lé e, ó tán. Tí mo bá kọsẹ̀ nínú kíkà, ẹ foríjì mí.

Ẹ̀rí yìí kì í ṣe ti ẹni tí ọ̀tá ṣe ní ibi. Èmi gan-an ni mo fa wàhálà inú ẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì. Ẹnu géètì ni wọ́n fi mí sí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ ara àwọn obìnrin wò tí wọ́n bá ń lọ sílé, kí ẹnikẹ́ni má baà di bisikíìtì sábẹ́ ìró jáde. Ọ̀gá wa nídìí ètò ààbò jẹ́ sójà tó ti fẹ̀yìn tì, Bàbá Sájẹ́ǹtì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Lọ́dún tó kọjá, ilé-iṣẹ́ ra wọkí-tọkí mẹ́fà, rédíò kékeré tí èèyàn ń mú lọ́wọ́ tó sì fi ń bá ẹni tó wà lókèèrè sọ̀rọ̀. Ọgbà wa gùn. Láti géètì dé ẹ̀yìn níbi tí tánkì omi wà, bí èèyàn bá sáré, á ti máa mí hẹlẹ kó tó dé. Fóònù kan ṣoṣo ló wà, ọ́fíìsì máníjà ni wọ́n gbé e sí, ọjọ́ tó bá wù ú ló sì ń dún. Nítorí náà rédíò yìí di ẹsẹ̀ wa, ó di ẹnu wa.

Bàbá Sájẹ́ǹtì fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ wa. Wọ́n tò wá bí ọmọ ilé-ìwé, wọ́n gbé rédíò kan dání.

“Ẹ kọ́kọ́ ki bátìrì bọ̀ ọ́ lẹ́yìn títí ẹ ó fi gbọ́ kọ́. Tẹ́ ẹ ò bá gbọ́ kọ́, kò tíì wọlé. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá nílò ẹ̀ jù ló máa já bọ́. Ẹ wá lọ́ eríà, ọ̀pá rẹ̀ yìí, mọ́ ọn lórí, kó le. Ẹni tó bá tẹ bọ́tìnnì láìsí eríà lórí rédíò, á jó inú rédíò náà, èmi náà á sì jó inú onítọ̀hún.”

A rẹ́rìn-ín. Bàbá Sájẹ́ǹtì ò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní ká yí nǹkan róbótó tó wà lókè, rédíò á ké pín-ín, ká gbé e sí nọ́ḿbà mẹ́ta, torí pé nọ́ḿbà mẹ́ta ni gbogbo wa wà. Ká tẹ́tí ná, ká mọ̀ bóyá ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀. Ká gbé e dúró ṣánṣán, kó jìnnà sẹ́nu ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Ká má gbá eríà mú, ká má fi eríà gbé e bí ìgbà tí èèyàn fi ìrù gbé eku. Tí wọ́n bá ń rọ pẹtiróòlù sínú nǹkan, ká kúrò nítòsí ká tó sọ̀rọ̀. Ká tẹ bọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ká mí lẹ́ẹ̀kan, ká wá pe orúkọ ẹni tí à ń wá, ká pe tiwa, ká sọ ọ̀rọ̀ kúkúrú. Ká ní “óvà”, kí ẹni tó ń gbọ́ mọ̀ pé a ti sọ̀rọ̀ tán. Ká ju ọwọ́ sílẹ̀.

Wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò ní gbàgbé láéláé. Wọ́n ní, “Ẹnì kan ṣoṣo ló lè sọ̀rọ̀ lórí nọ́ḿbà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Níwọ̀n ìgbà tí bọ́tìnnì rẹ bá wà ní títẹ̀, o ò ní gbọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn tó kù ò sì ní lè pe ara wọn. Iná pupa yìí ló máa sọ fún ọ. Tí ọwọ́ rẹ ò bá sí lórí bọ́tìnnì, tí iná pupa ń tàn, pa rédíò náà lójú ẹsẹ̀, kó o gbé e wá bá mi. Má tún un ṣe. Má rò ó. Gbé e wá.”

Mo mọ gbogbo ẹ̀ lórí bí ẹsẹ Bíbélì. Mímọ̀ ọ́n lórí ò sọ pé kí ohùn jáde. Ọjọ́ kìíní tí wọ́n ní kí n pe Bàbá Sájẹ́ǹtì, mo tẹ bọ́tìnnì, mo ní, “Bàbá Sájẹ́ǹtì, géètì nìyí, àwọn tó kó ìyẹ̀fun ti dé, óvà.” Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ṣẹ́gun, tó máa ń ṣiṣẹ́ púlọ́ńbà lẹ́yìn, ló dáhùn.

“Géètì, ṣé ẹ̀fọn ló wọnú rédíò yín ni? Óvà.”

Àwọn tó kù ń tẹ bọ́tìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Ṣẹ́gun ló bá mi dá wọn lẹ́kun. Bọ̀dá Kàsálì lorúkọ wọn. Àwọn ni púlọ́ńbà àgbà ilé-iṣẹ́, èèyàn jẹ́jẹ́, Mùsùlùmí tó ń gbé ní Mọ́kọ́lá pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta. Wọ́n ní, “Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Géètì, fara balẹ̀, tún un sọ. Óvà.” Mo tún un sọ. Ọjọ́ yẹn, mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi dé Challenge, níbi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin.

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ ìsìn tí a máa ń ṣe fún irinṣẹ́, tí dírẹ́bà á mú kọ́kọ́rọ́ wá, tí télọ̀ á mú sísọ́ọ̀sì wá, tí Pásítọ̀ á fi òróró kàn án. Ó wù mí kí n gbé rédíò yẹn wá. Ṣùgbọ́n òfin ni pé rédíò ò gbọdọ̀ jáde nínú ọgbà. Mo bá ronú ọgbọ́n kan. Mo bu òróró náà sínú ìgò oògùn ojú tó ti tán, èyí tó ń kán tó, tó, tó. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, kí àwọn èèyàn tó dé, mo kán an sórí bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀mẹta, ní orúkọ Baba, àti Ọmọ, àti Ẹ̀mí Mímọ́. Bọ́tìnnì yẹn ni mo yàn, torí mo rò pé ibẹ̀ ni ohùn mi ń gbà wọlé. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní Mọ́ńdè mẹ́rin.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ohùn mi jáde díẹ̀. Ayọ̀ mi kún. Ṣùgbọ́n ilé bisikíìtì ni ibẹ̀, ìyẹ̀fun ń fò káàkiri bí eruku ọyẹ́. Ìyẹ̀fun pàdé òróró lábẹ́ rọ́bà bọ́tìnnì náà, ó di bí àtè. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, tí mo bá ju ọwọ́ sílẹ̀, bọ́tìnnì ò ní tètè dìde, èékánná ni mo fi ń yọ ọ́ sókè. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n gbé e lọ bá Bàbá Sájẹ́ǹtì. Ojú tì mí. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn? Pé mo da òróró sínú rédíò ilé-iṣẹ́? Mo ní kí n ṣì máa fi èékánná yọ ọ́ ná.

Ọjọ́rú kan báyìí, lọ́sàn-án, oòrùn ń mú bí iná. Wọ́n ń fọ tánkì omi tó wà lábẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn. Omi tó kù nísàlẹ̀ ò fẹ́ tán, páìpù ò sì gùn tó. Bọ̀dá Kàsálì bá gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń fa omi, èyí tó ń lo pẹtiróòlù, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sínú tánkì, àwọn náà sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé e, wọ́n tàn án. Ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn mọ̀ pé èéfín ẹ̀rọ nínú ihò máa ń mú kí èèyàn dákú. Àwa ò mọ̀ ọ́n nígbà náà. Ṣẹ́gun dúró lẹ́nu tánkì pẹ̀lú rédíò lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n ti bá a sọ ni pé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kó má wọlé o, kó pe géètì. Ọ̀dọ̀ mi ni okùn wà. Ọ̀dọ̀ mi náà ni mọ́tò tó ń gbé aláìsàn máa ń dúró sí.

Bàbá Sájẹ́ǹtì ti pè mí wò lórí rédíò. Mo dáhùn pé, “Géètì wà ní àlàáfíà, óvà.” Mo ti rédíò bọnú àpò aláwọ rẹ̀, mo fi kọ́ ìṣó, mo da gèlè mi bò ó nítorí oòrùn. Mi ò fi èékánná yọ bọ́tìnnì yẹn. Mo gbàgbé. Iná pupa ń tàn lábẹ́ gèlè, mi ò rí i.

Kò sẹ́nì kankan lẹ́nu géètì. Ibi tí èèyàn ò bá sí, ibẹ̀ ni ẹnu mi máa ń là. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Mo kọrin. Mo sunkún. Mo ní kí Olúwa fún mi ní ohùn, kí n má jẹ́ ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Mo dárúkọ ọkùnrin kan tí mi ò ní dárúkọ níbí. Mo ní, “Olúwa, gbọ́ mi! Olúwa, dá mi lóhùn!” Mo ń pariwo. Èmi tí ohùn ẹ̀fọn ju ohùn mi lọ.

Gbogbo ilé-iṣẹ́ ló ń gbọ́ mi. Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà pé níbi tí wọ́n ti ń di bisikíìtì sínú páálí, wọ́n kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, ẹnì kan tiẹ̀ ń gbe orin. Máníjà pa tiwọn. Bàbá Sájẹ́ǹtì wà ní ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí, wọ́n ń pariwo sínú rédíò pé, “Géètì, ju ọwọ́ sílẹ̀! Ju ọwọ́ sílẹ̀!” kí wọ́n tó rántí pé mi ò lè gbọ́. Wọ́n bá bọ́ sọ́nà, wọ́n ń bọ̀.

Ṣẹ́gun, ní tirẹ̀, ti pe ọ̀gá rẹ̀ nínú tánkì títí, kò gbọ́ èsì. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó ké pé, “Géètì, géètì, ẹ gbé okùn wá, Bọ̀dá Kàsálì ti ṣubú!” Ó ju ọwọ́ sílẹ̀ kó lè gbọ́ èsì. Èsì tó gbọ́ ni ẹkún mi. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún ju ọwọ́ sílẹ̀. Ó ní mò ń sọ pé, “Dá mi lóhùn, dá mi lóhùn.” Ìgbà mẹ́rin ni. Ó bá ju rédíò sórí koríko, ó fi eré sí i.

Mo rí i tó ń bọ̀ láti òkèèrè, apá rẹ̀ ń fì. Mo ṣì rò pé eré ìdárayá ni. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ń mí hẹlẹ. Ó ń na ìka sí ẹ̀yìn. Bàbá Sájẹ́ǹtì dé ní ìṣẹ́jú yẹn náà, wọ́n fa gèlè mi kúrò, wọ́n wo iná pupa, wọ́n wò mí. Wọ́n pa rédíò náà. Ẹ̀yin ará, wọn ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

“Kí ló ṣẹlẹ̀, Ṣẹ́gun?”

“Ọ̀gá mi, sà. Nínú tánkì. Mo pè, mo pè…”

“Gbé okùn.”

Bàbá Sájẹ́ǹtì ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó sínú tánkì lásán. Wọ́n ní kí wọ́n gbé fáànù ńlá wá kó máa fẹ́ atẹ́gùn sísàlẹ̀. Wọ́n so okùn mọ́ ara wọn ní ìbàdí, ọkùnrin mẹ́rin di okùn mú, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ fúnra wọn, àgbàlagbà bíi tiwọn. Wọ́n gbé Bọ̀dá Kàsálì jáde. Orí wọn ń yí sọ́tùn-ún, ó ń yí sósì, bí orí ọmọ tuntun tí wọn ò gbé dáadáa. Mọ́tò gbé wọn lọ sí ọsibítù ní Ring Road. Mo ṣí géètì fún mọ́tò náà. Ìyẹn ni gbogbo ohun tí mo lè ṣe fún wọn.

Dókítà ní èéfín ti dé ọpọlọ. Wọ́n ní ó ṣì ń mí, ṣùgbọ́n kò lajú, kò mọ ibi tó wà. Wọ́n ní bí wọ́n bá tètè gbé e jáde ni, ọ̀rọ̀ ì bá má rí báyìí. Bí wọ́n bá tètè gbé e jáde. Gbólóhùn yẹn wọ inú mi, kò jáde mọ́.

Láti ọjọ́ kejì, orúkọ mi yí padà níbi iṣẹ́. Wọ́n ń pè mí ní Wòlíì Géètì. Obìnrin kan tí mò ń yẹ ara rẹ̀ wò ní, “Rọra o, Wòlíì, má gbàdúrà fún mi o, mo ní ọmọ nílé.” Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó tọ́ sí mi.

Ohun tó burú jù nìyí. Mi ò lè gbàdúrà mọ́. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní Challenge, ẹnu mi ò ṣí. Ó ń ṣe mí bíi pé tí mo bá ti ní “Olúwa”, ẹlòmíràn kan níbì kan tó ń kú lọ ò ní rí ọ̀nà pè é, torí pé mo ti dí ojú ọ̀nà. Mo wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yìí lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀yin ń kọrin, mo di ẹnu mi. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Wọ́n wá ní Bàbá Sájẹ́ǹtì ni ẹjọ́ náà kàn. Máníjà ní Bàbá ló gbé rédíò tí kò dára fún géètì, wọ́n ní kí Bàbá kọ àlàyé wá. Mo rí wọn nínú yàrá kékeré wọn, wọ́n gbé ìwé síwájú, wọ́n ń kọ ọ́, wọ́n ń pa á rẹ́. Rédíò mi wà lórí tábìlì, wọ́n fẹ́ gbé e lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe ní Mọ́kọ́lá. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Géètì, kí lo fẹ́?”

“Òróró ni, sà.”

“Òróró wo?”

Mo sọ gbogbo ẹ̀. Ìgò oògùn ojú, Mọ́ńdè mẹ́rin, èékánná. Wọ́n gbé rédíò náà, wọ́n gbóòórùn bọ́tìnnì rẹ̀. Wọ́n gbé e kalẹ̀.

“Mo ti rí ẹni tó fi òróró kun ìbọn. Ìbọn ń fẹ́ ẹ. Rédíò, láéláé.” Wọ́n ti rédíò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Kí nìdí tó ò fi gbé e wá nígbà tó kọ́kọ́ lẹ̀?”

“Ojú ló tì mí, sà.”

“Ojú tì ọ́.” Wọ́n ya ìwé tí wọ́n ń kọ. “Màá kọ òmíràn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi lo ṣe ní ibi, ọmọ yìí. Ìyàwó ọkùnrin yẹn wà lọ́sibítù. Òun ni kó o lọ sọ ọ́ fún.”

Mo lọ. Ìyàwó Bọ̀dá Kàsálì, Ìyá Mùíná, jókòó sórí ẹní ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yàrá náà. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n, ojú wọn ti wú. Mo kúnlẹ̀. Kí n tó sọ̀rọ̀, wọ́n ti mọ̀.

“Ìwọ ni èyí tó ń gbàdúrà lórí rédíò?”

“Èmi ni, mà.”

“Kí lò ń tọrọ lọ́jọ́ náà?”

Mo ti múra fún èébú. Mi ò múra fún ìbéèrè yẹn. Mo ní, “Ohùn ni, mà. Kí Ọlọ́run fún mi ní ohùn.”

“Ṣé o ti rí i gbà?”

Mo fi orí balẹ̀. Mo sọ ti òróró àti ti nọ́ḿbà mẹ́ta fún wọn. Mo sọ fún wọn pé láti ọjọ́ náà mi ò lè pe Ọlọ́run mọ́, kí n má baà dí wọn lọ́nà, àwọn tó ń pè é nítorí ọkọ wọn. Wọ́n ní, “Ta ló sọ fún ọ pé nọ́ḿbà kan ṣoṣo ni Ọlọ́run ní?”

Wọn ò sọ pé àwọn dárí jì mí. Mi ò ní parọ́ níwájú pẹpẹ. Wọ́n kàn fa ara wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ẹní náà kí n ráyè jókòó. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní, “Nọ́ọ̀sì ní ká máa bá a sọ̀rọ̀, pé bóyá etí rẹ̀ ń gbọ́. Mo ti sọ̀rọ̀ títí, ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu mi. Ìwọ tó o tọrọ ohùn, wọlé lọ sọ̀rọ̀.”

Kí ni èèyàn ń sọ fún ẹni tó sùn nítorí tirẹ̀? Mo dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ojú Bọ̀dá Kàsálì wà ní pípadé, rọ́bà wà nímú wọn. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà.” Ó tán. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó gùn tí mo mọ̀ lórí láìkọsẹ̀ ni ẹ̀kọ́ Bàbá Sájẹ́ǹtì. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀: “Ẹ kọ́kọ́ ki bátìrì bọ̀ ọ́ títí ẹ ó fi gbọ́ kọ́. Ẹ wá lọ́ eríà mọ́ ọn.” Mo sọ ọ́ dópin. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́ tí mo bá ti ṣíwọ́, màá wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ring Road, màá dúró síbẹ̀, màá máa sọ bí wọ́n ṣe ń lo rédíò fún ẹni tó mọ̀ ọ́n lò jù mí lọ. Nọ́ọ̀sì kan rò pé orí mi ti yí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹfà tí mo ti ń lọ, dókítà pe Ìyá Mùíná sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ ọkọ wọn jọ, wọ́n ká a tán, wọ́n tún tú u, wọ́n tún ká a. Mi ò bi wọ́n léèrè. Mo mọ̀ pé dókítà ò retí pé wọ́n á jí mọ́.

Ọjọ́ yẹn ni mo padà gbàdúrà. Nínú bọ́ọ̀sì ni. Mi ò la ẹnu. Mo ní, Olúwa, mi ò fẹ́ ohùn mọ́. Gbà á padà. Jẹ́ kó jí. Kò sí nǹkan mìíràn.

Ọjọ́ keje, Bọ̀dá Kàsálì ò jí. Ọjọ́ kẹjọ, wọn ò jí. Ọjọ́ kẹsàn-án, ibà mú wọn. Ọjọ́ kẹwàá, wọ́n ní kí àwọn ọmọ wá wo bàbá wọn. Ẹ ò ní fẹ́ kí n ka ibẹ̀ yẹn.

Ọjọ́ kọkànlá, oòrùn ń wọ̀. Ìyá Mùíná tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, wọ́n ń kírun. Èmi wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Mo ti dé ibi pé “ẹ tẹ́tí ná”, bóyá ìgbà kẹta, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ohùn mi ti ń lọ sókè. Mo gbọ́ nǹkan bí ìgbà tí ewé gbígbẹ bá wọ́ nílẹ̀. Mo wo ẹnu Bọ̀dá Kàsálì. Ó tún dún.

“Ariwo yìí pọ̀.”

Mo yíjú wo Ìyá Mùíná. Wọ́n ti gbọ́. Mo rí i pé wọ́n gbọ́, torí gbogbo ẹ̀yìn wọn ló gbọ̀n. Ṣùgbọ́n wọn ò já ìrun náà. Wọ́n forí kanlẹ̀, wọ́n dìde jókòó, omi ojú ń kán sórí ẹní, wọ́n sálámà sọ́tùn-ún, wọ́n sálámà sósì láti fi kádìí ìrun, kí wọ́n tó rá wá sídìí bẹ́ẹ̀dì lórí eékún. Wọ́n di ẹsẹ̀ ọkọ wọn mú. Wọ́n ní, “Bàbá Mùíná, ó ní ariwo pọ̀! Ó ní ariwo pọ̀!” Ó jọ pé wọ́n ń sọ fún un pé òun ló sọ ọ́. Èmi bọ́ síta, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo fi gèlè di ẹnu mi, kí ẹkún mi má baà tún dí ohunkóhun.

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run jí i. Kì í ṣe òróró ló jí i, kì í ṣe ẹkún mi. Mi ò mọ ìdí tó fi jí i, mo kàn mọ̀ pé òun ni. Mi ò sì ní sọ fún yín pé wọ́n padà bọ̀ sípò pátápátá, torí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ń gbọ̀n, wọn ò lè di irin púlọ́ńbà mú mọ́. Ibi tí wọ́n ti ń ka páálí ni wọ́n fi wọ́n sí báyìí, lórí àga. Nígbà mìíràn wọ́n á pe Mùíná ní orúkọ àbúrò rẹ̀. Èmi náà kò sí lẹ́nu géètì mọ́, ìgbálẹ̀ ni wọ́n fún mi, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá Sájẹ́ǹtì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Pásítọ̀ gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi kí wọ́n tó gbà kí n dìde. Wọ́n ní láti oṣù tó ń bọ̀, orí èèyàn àti ọwọ́ èèyàn ni òróró ó máa kàn níbí, kò ní kan ẹ̀rọ kankan mọ́. Ẹ ṣé, sà.

Bọ̀dá Kàsálì wà níta. Wọ́n ní àwọn ò ní wọlé, pé ti ṣọ́ọ̀ṣì kọ́ ni tàwọn, ṣùgbọ́n àwọn fẹ́ wà nítòsí nígbà tí mo bá ń sọ ọ́. Lórí bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ fèrèsé yìí ni wọ́n jókòó sí, àwọn àti Ìyá Mùíná. Tẹ́ ẹ bá na ọrùn, ẹ ó rí fìlà wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti jí, ariwo ń dun orí wọn gan-an. Agbọ́hùnsókè yìí gan-an, mo ti bẹ àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀ kí wọ́n pa á kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi yọ̀, mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi fi ògo fún Ọlọ́run tó dá Bọ̀dá Kàsálì padà fún ìyàwó àti àwọn ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo. Ẹ má pàtẹ́wọ́, ẹ má lu ìlù. Ẹ jẹ́ ká kàn ṣe halelúyà náà wẹ́lẹ́, bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá tí aláìsàn ń sùn sí.

Halelúyà.